Jíìpù Kékeré Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ń Ṣiṣẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì pè mí láti Minnesota. Nọ́ọ̀sì ni báyìí, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí i. Ọkọ̀ méjì là ń wò, orúkọ kan náà, ọdún kan náà. Ọ̀kan, táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, èkejì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkejì yẹn ló wọ́n jù. Ọkọ mi ní ìnákúnàá ni." Mo rẹ́rìn-ín. Ìtàn ogun ni mo kọ́ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló wá ń bi mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ìbéèrè ìtàn náà ni. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin yòókù lè bá a gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ. Lọ́dọ̀ wa nílé, ohunkóhun tó bá ga díẹ̀ nílẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí bí àpótí, jíìpù ni. RAV4, jíìpù. CR-V, jíìpù. Àwọn òyìnbó lè máa pè é ní crossover, kò kàn wá. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ló ni orúkọ yẹn, èyí tí Willys àti Ford bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́pọ̀ yanturu ní 1941. Kí ogun tó parí ní 1945, wọ́n ti rọ ju 600,000 lọ.

Àwọn bàbá wa pàdé rẹ̀ ní Bọ́má. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, ló la ọ̀nà jíìpù kan gba orí àwọn òkè wọ àfonífojì Kaladan. Ìparí 1943 wọ 1944 ni. Ọ̀nà náà gùn tó máìlì 75, ọwọ́ ni wọ́n sì fi la púpọ̀ nínú rẹ̀. West African Way ni wọ́n sọ ọ́. Níbi tí ọ̀nà yẹn parí sí, orí ènìyàn ló kù láti ru ẹrù. Ẹni tó bá ti fi orí ru àpótí ọta gun òkè rí ni kí ẹ lọ bi léèrè bóyá ìnákúnàá ni jíìpù.

Kì í ṣe pé Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ronú kàn án nígbà ogun yẹn. Ilé iṣẹ́ Spyker ní Netherlands ti ṣe ọkọ̀ eré ìje kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 1903. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ méjì, Zachow àti Besserdich, ṣe tiwọn ní ìlú kékeré Clintonville ní Wisconsin. Ohun tí gbogbo wọn ń bá jà kò ju jíà kan lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní differential. Àárín táyà méjì ló máa ń wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí táyà ìta yí ju ti inú lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà. Ó dára. Àmọ́ ọ̀lẹ ni jíà yìí: ibi tó bá rọrùn jù ló ń darí yíyí sí. Tí táyà kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, òun nìkan ni yóò máa yí fùú, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á sì dúró gbagidi. Tí táyà ẹ̀yìn náà bá ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn rí ilẹ̀ tẹ̀.

Báwo wá ni ohun ogun ṣe di ọkọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń gbé lọ síbi iṣẹ́? Apá tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí kò sí ọ̀gágun kankan níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná Tohoku Electric Power ní àríwá Japan níṣòro. Ilẹ̀ olókè ni agbègbè wọn, òjò dídì ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa gòkè lọ wo wáyà. Jíìpù ni wọ́n ń gbé lọ, ṣùgbọ́n jíìpù ayé ìgbà yẹn ń mi ènìyàn bí ìgbà tí wọ́n ń jọ èlùbọ́, òtútù sì ń wọ inú rẹ̀. Wọ́n béèrè ọkọ̀ tó lè gun ibi tí jíìpù ń gùn, tí yóò sì gbé ènìyàn bí ọmọlúàbí. Àwọn tó ń ta Subaru ní Miyagi mú ọkọ̀ kan tí táyà iwájú rẹ̀ ń fà, wọ́n sì fa ọ̀pá lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó di 1972, Subaru ti ń rọ Leone onítáyà mẹ́rin fún títà.

Àwọn mìíràn wà. Jensen FF ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1966, olówó nìkan ló rí i rà. AMC Eagle ti Amẹ́ríkà dé ní 1979, Audi Quattro ní 1980. RAV4 jáde ní 1994, CR-V tẹ̀ lé e ní 1995, Forester ní 1997. Ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán ni wọ́n gbé wọn kà. Civic ni ìyá CR-V. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í mu epo bíi jíìpù ńlá, tí wọn kì í sì í mi ènìyàn.

Èmi náà ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, mo ra jíìpù kékeré kan, tòkúnbọ̀. Wọ́n kọ 4WD gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ń fi í yangàn. Ní oṣù keje, wọ́n pè mí pé ara àbúrò ìyá mi kò yá, ìyá tó wò mí dàgbà. Láti orí ọ̀dà dé abúlé wa, ilẹ̀ pupa ni. Mo wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí a tó gbé màmá sínú ọkọ̀, òjò dé. Lẹ́yìn odò, níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan tí ọmọdé ń sáré gùn, táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán, ó ń ta ẹrẹ̀ sí gbogbo wa lára. Àwọn ti ẹ̀yìn dúró bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n. A tì í títí, pàbó. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé màmá jáde níkẹyìn, ọmọ rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn nínú òjò. Ó dé ilé ìwòsàn láàyè. Ó tún lo ọdún mẹ́ta sí i, kò sì dákẹ́ fífi jíìpù mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mẹkáníìkì mi wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti yọ ọ̀pá tó lọ sẹ́yìn o." Bóyá ó ń pariwo ni, tí ẹnì kan sì rí i pé yíyọ ọ́ dínwó ju títún un ṣe lọ. Wọn ò kàn yọ 4WD tí wọ́n kọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkúnbọ̀, ẹ má ka ẹ̀yìn ọkọ̀, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni kò tilẹ̀ ní ọ̀pá yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àti pé àṣà wa láti máa ra táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bá ọkọ̀ yìí lára mu. Tí táyà kan bá ga ju èkejì lọ, ohun tó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn kò ní sinmi, yóò sì jó.

Ní tiyín nílé, tó bá jẹ́ Èkó sí Ìbàdàn lórí ọ̀dà nìkan lẹ̀ ń rìn, ẹ má san owó rẹ̀. Gíga tó ga nílẹ̀ nìkan lẹ ó jẹ̀gbádùn níbi kòtò. Ẹni tó ń lọ sí oko kòkó ní Oǹdó nígbà òjò, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ọmọ mi ní Minnesota, rà á. Ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí wọn kò tíì kó òjò dídì kúrò lójú títì, ìwọ ni wọ́n ṣe é fún, bíi ti àwọn tó ń wo wáyà ní Tohoku. Ṣùgbọ́n sọ fún ọkọ rẹ pé òun náà ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo ọkọ̀ ló ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró; fífi ẹ́ńjìnnì yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi nǹkan kan kún bíréèkì. Yóò jẹ́ kó o gbéra, kò ní jẹ́ kó o dúró. Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró lórí yìnyín ni táyà ìgbà òtútù, tí rọ́bà rẹ̀ kì í le gbagidi bíi ti táyà yòókù nígbà tí òtútù bá mú. Tí owó kò bá tó méjèèjì, ra ọkọ̀ onítáyà iwájú náà, kó o fi owó tó kù ra táyà yẹn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ka èyí sí i létí kí n tó gbé e síbí. Ó ní ọkọ òun ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta táyà náà.