Ẹ̀fọ̀n Alààyè: Ìlú tí í Ṣe Ilé Iṣẹ́

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà mu pẹ̀lú. Bí a bá rí adé lórí ọba, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni ìlú tí ọba náà jẹ lé lórí. Bí a bá rí òpó tí a gbẹ́ ní ààfin, a ó bèèrè ọba tí ó kọ́ ààfin náà. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó bèèrè ọwọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a bèèrè ìlú tí ó kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Ìlú tí mo ní lọ́kàn ni Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Èkìtì, láàárín àwọn òkè tí ó wà lẹ́bàá ààlà Ìjẹ̀ṣà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ ọnà wà ní Ẹ̀fọ̀n. Ohun tí mo ń wí ju èyíinì lọ. Mo ní Ẹ̀fọ̀n fúnra rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà, àti pé bí a kò bá lóye èyí, a kò ní mọ ohun tí à ń sọnù nígbà tí iṣẹ́ náà bá ń lọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé òkè òkun. Agbègbè kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Champagne. Wáìnì tí ń hó ni wọ́n fi ń ṣe orúkọ. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àgbẹ̀ púpọ̀ tí oko wọn kò tóbi ni ó ń gbin èso àjàrà. Àwọn ilé ọtí ní ìlú Reims àti Épernay ni ó ń rà á, tí wọ́n ń pò ó, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú àjà ilẹ̀. Oníṣẹ́ àgbá, oníṣẹ́ ìgò àti oníṣẹ́ ìdérí ìgò, gbogbo wọn ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn lára wáìnì náà. Alfred Marshall, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé irú ibi báyìí nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1890. Ó ní níbi tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà bá ti pọ̀ sí ojú kan fún ìgbà pípẹ́, àṣírí iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ àṣírí mọ́. Inú afẹ́fẹ́ ìlú ni ó máa ń wà, àwọn ọmọdé a sì máa kọ́ ọ láìmọ̀ pé àwọn ń kọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá dàgbà ní agbo ilé oníṣẹ́ ọnà ní ilẹ̀ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ohun tí ó ti mọ̀ láti kékeré ni Marshall kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Ẹ̀fọ̀n, kí a wo adé. Egungun adé ni a kọ́kọ́ ń ṣe: a ó la imọ̀ ọ̀pẹ wẹ́wẹ́, a ó hun ún bí apẹ̀rẹ̀ tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. A ó ta aṣọ bò ó, a ó sì fi ògì mú un le. Aṣọ tí a rì sínú ògì yìí kan náà ni a fi ń mọ ojú àti imú àwọn baba ńlá ọba sí ara adé. Lẹ́yìn náà ni a ó sín ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí òwú, a ó tò ó sí ojú aṣọ, a ó sì rán an mọ́ ọn, àwọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹyẹ a bà lé téńté orí rẹ̀. Ọ̀wọ́ ìlẹ̀kẹ̀ a já sílẹ̀ níwájú, a sì bo ojú ọba. Ohun tí a sì fi sínú àtàrí adé kì í ṣe ti asínlẹ̀kẹ̀, ti oníṣègùn ni. Ìdí nìyí tí ọba kì í fi í wo inú adé rẹ̀. Ẹ ka àwọn tí ọwọ́ wọn ti kàn án: ẹni tí ó gé imọ̀ ọ̀pẹ, ahunṣọ, asínlẹ̀kẹ̀, oníṣègùn, àti oníṣòwò tí ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ láti Èkó wá.

Nínú iṣẹ́ yìí, ìdílé Adéṣínà ni òkìkí wọn kàn jù lọ ní Ẹ̀fọ̀n. Orúkọ yìí bá iṣẹ́ wọn mu lọ́nà tí ó ya ni lẹ́nu: adé ṣí ọ̀nà fún wọn dé ààfin ọba káàkiri. Ṣùgbọ́n adé kì í ṣe ohun tí ọba ń rà lóṣooṣù. Ọba lè jẹ, kí ó pẹ́ lórí oyè, kí ó má ṣe ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Báwo ni oníṣẹ́ adé ṣe wá ń jẹun? Ọ̀nà méjì ni. Ọ̀nà kìíní, ọwọ́ tí ó ń ṣe adé náà ni ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ìdí ìrùkẹ̀rẹ̀, bàtà, abẹ̀bẹ̀, ọ̀pá àti àpò babaláwo. Ọ̀nà kejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ilẹ̀ Èkìtì kò ní ọba ńlá kan ṣoṣo tí ó jẹ gàba lórí gbogbo ìyókù. Ọba mẹ́rìndínlógún ni a ń ka mọ́ Èkìtì: Ẹwí, Ajerò, Ògògà, Arínjálẹ̀, Alààyè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọba kọ̀ọ̀kan ní ààfin tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ kí ààfin òun rẹlẹ̀ sí ti ẹnìkejì. Ọjà tí ó tó ọjà nìyẹn. Ohun tí àwọn òpìtàn máa ń pè ní àìlera Èkìtì, pé wọn kò sí lábẹ́ ọba kan, òun gan-an ni ó bọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére. Nígbà tí wọ́n tún ààfin Alààyè kọ́ ní nǹkan bí 1912 sí 1916, Àgbọ́nbíòfé ti ìdílé Adéṣínà yìí kan náà ni ó gbẹ́ òpó sí i. Ó kú ní 1945. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ irin fún agbẹ́gilére. Ọmọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ máa dán ara igi, kí ó tó kan fínfín ọnà sí i. Ọ̀gá ni ó ń lé àwòrán iṣẹ́ náà jáde láti inú igi tútù. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a ń fi orúkọ ẹnì kan pè, ọwọ́ púpọ̀ ni ó ti kọjá.

Ibi tí Ẹ̀fọ̀n ti yàtọ̀ sí Champagne ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀. Ohun ìní àwọn olóko àjàrà ni ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ kì í sì í rìn. Kí ni Ẹ̀fọ̀n ní? Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í ṣe ti Ẹ̀fọ̀n. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e wá láti Yúróòpù. Igi ìrókò wà ní ibòmíràn, imọ̀ ọ̀pẹ sì wà níbi gbogbo. Ọwọ́ àti ojú nìkan ni Ẹ̀fọ̀n ní, ọwọ́ sì ní ẹsẹ̀. Asínlẹ̀kẹ̀ a máa di ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú ọba tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, a máa gbé ààfin títí iṣẹ́ yóò fi parí, a sì tún padà wálé. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó lọ kì í padà.

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù ni Ọlọ́wẹ̀. Ní Ẹ̀fọ̀n ni a bí i, ní nǹkan bí 1873. Ó kó lọ sí Ìsẹ̀, ó sin Arínjálẹ̀ níbẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ààfin púpọ̀. Láàárín 1910 sí 1914 ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ara ilẹ̀kùn náà ni ó gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó sí, tí àwọn aláàárù gbé, tí ó ń bọ̀ wá kí Ògògà. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ó sì di ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Lọ́ńdọ̀nù. Àga ìjókòó tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Ọ̀kan nínú àwọn òpó Ìkẹ́rẹ́ wà ní Chicago lónìí. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, ìyàwó rẹ̀ Olójúìfun ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Ẹnu opó ni ó pa orúkọ náà mọ́ fún 50 ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí gbogbo ayé ti ń pe ọkùnrin yìí: Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Èmi kò bá Ìsẹ̀ jà; ìlú tí ó gba ènìyàn tọwọ́ tẹsẹ̀ yẹ fún ọlá. Síbẹ̀, Ẹ̀fọ̀n tí ó bí i kò sí nínú orúkọ náà.

Kí ni àwọn ará Champagne ṣe nípa orúkọ tiwọn? Wọ́n jà fún un. Ní 1911, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ rí i pé àwọn ilé ọtí kan ń ra èso àjàrà ibòmíràn, tí wọ́n sì ń fi orúkọ Champagne tà á, inú bí wọn. Wọ́n da ọtí nù, wọ́n sì sun ilé ní ìlú Aÿ. Òfin tẹ̀lé ìjà náà, nígbà tí ó sì di 1935 òfin gbogbo ilẹ̀ Faransé ti ń dáàbò bo orúkọ ibi tí wáìnì ti wá.

Àwa náà kì í ṣe aláìmọ̀kan nípa irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní 1903, Gómìnà MacGregor bẹ Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe wá sí Èkó, kí ó wá sọ bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Ọọ̀ni ní kò ní in. Nítorí náà, a ní ẹ̀rí pé àwọn baba wa mọ bí a ti ń ṣọ́ ohun iyì kí ó má di ohun yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́: ẹni tí ó ń dé adé ni. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe é.

Ayé sì ti yí. Ní 1930 ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò sì pẹ́ tí ó fi dé Ẹ̀fọ̀n. Ère púpọ̀ bá iná lọ, agbẹ́gilére sì pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀ tí í ṣe olórìṣà. Láti 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ṣe iṣẹ́ fún ìjọ. Bándélé ọmọ Àrẹ̀ògún ti Ọ̀sì wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ baba rẹ̀ ni ó ti kọ́ṣẹ́, òun náà sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá. Bí ọgbọ́n ṣe ń rìn nìyẹn: láti baba sí ọmọ iṣẹ́, láti ọmọ iṣẹ́ padà sí ọmọ bíbí, kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ará ìta. Ti adé yàtọ̀. Ọba tí ó di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí kò bọ́ adé sílẹ̀. Ọba aládé tilẹ̀ ń pọ̀ sí i ni: ní 2017, ní Ìbàdàn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni gómìnà dé ìjòyè 21 ládé.

Ohun tí mo fi ń parí ọ̀rọ̀ mi nìyí. Ọjà kò tíì tán. Ọwọ́ ni ó lè tán. Bí ọgbà àjàrà bá jóná, ilẹ̀ yóò dúró de ẹni tí yóò tún gbìn ín. Bí ọmọ Ẹ̀fọ̀n kan kò bá jókòó ti baba rẹ̀ mọ́ láti sín ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ilẹ̀ kankan tí yóò tọ́jú ọgbọ́n náà de ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá tún dúró níwájú adé tàbí òpó, ní ààfin tàbí lẹ́yìn gíláàsì ní ìlú Òyìnbó, kí a bèèrè ọba tí ó ni ín, kí a bèèrè ọwọ́ tí ó ṣe é, kí a sì bèèrè ìlú tí ó kọ́ ọwọ́ náà. Kí a kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ẹnu opó nìkan ni a ó máa gbójú lé.