Láti Ghana Apostolic Church sí Church of Pentecost: Kí ló ń mú kí ìjọ tó ti pẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1962, ìjọ kan tó ní ẹ̀ka káàkiri orílẹ̀èdè Ghana pa orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n tì, ó sì gba òmíràn. Ghana Apostolic Church ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà wá, Church of Pentecost ni wọ́n ń pè é, ó sì ti di ọ̀kan lára àwọn ìjọ tó tóbi jù lọ ní Ghana.

Kì í ṣe pé orúkọ àtijọ́ sú àwọn ọmọ ìjọ. Àríyànjiyàn lórí àṣẹ, ìjà lórí dúkìá àti ẹjọ́ ní kóòtù ló bí ìpinnu náà, Ààrẹ Kwame Nkrumah fúnra rẹ̀ sì dá sí i.

Ìtàn yìí kan Yorùbá pẹ̀lú. Orísun kan náà ni ìjọ yìí àti Christ Apostolic Church ti Nàìjíríà ti ṣàn wá.

Orísun kan, odò méjì

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lukúlukú ń pa àwọn ènìyàn ní ọdún 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Sadare àti Sophia Odunlami wà lára wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n sọ ara wọn.

Láìpẹ́, àwọn ìwé tí ìjọ Faith Tabernacle ń tẹ̀ ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nípasẹ̀ David Odubanjo. Ẹ̀kọ́ ìjọ náà ni pé àdúrà nìkan tó fún ìwòsàn, láìlo oògùn. Wọ́n gba ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì gba orúkọ náà mọ́ ọn.

Ní àsìkò kan náà ní Gold Coast, ìwé ìròyìn Faith Tabernacle dé ọwọ́ Peter Anim. Lẹ́yìn tó jẹ́rìí pé àdúrà wo òun sàn nínú àìsàn inú ní ọdún 1921, ó dá ìjọ sílẹ̀ ní ìlú Asamankese. Òun náà lo orúkọ Faith Tabernacle, kó tó wá pa á tì fún Apostolic Faith.

Ní ọdún 1930, ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá darí ní Òkè-Ooye, ní Iléṣà, mì gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Bí èrò ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ń fura. Àwọn aṣáájú ìjọ wá ẹni tí yóò ṣe agbátẹrù wọn, wọ́n sì ké sí ìjọ Apostolic Church ní Britain. Àwọn òjíṣẹ́ mẹ́ta dé sí Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1931.

Láti Nàìjíríà ni George Perfect, òjíṣẹ́ ìjọ kan náà, ti lọ bá Anim ní Gold Coast ní ọdún 1935. Ìdí nìyí tí ìjọ Anim náà fi wọ abẹ́ Apostolic Church. Ní oṣù Kẹta ọdún 1937, wọ́n rán James McKeown sí i láti Britain.

Oògùn ibà tú ilé ká

Kò pẹ́ tí McKeown dé tí ibà fi dá a gúnlẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Accra. Ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo èyí ni pé aláìsàn lọ gba ìtọ́jú. Ní ojú àwọn ọmọ ìjọ tó ti gbà pé oògùn kò sí nínú ìgbàgbọ́, ìpìlẹ̀ ni òjíṣẹ́ náà wó.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán títí wọ́n fi pínyà ní ọdún 1939. Christ Apostolic Church ni ẹgbẹ́ Anim wá ń jẹ́. Àwọn tó kù dúró ti McKeown lábẹ́ orúkọ Apostolic Church.

Irú ìjà kan náà ń lọ ní Nàìjíríà, nítorí pé àwọn òjíṣẹ́ aláwọ̀ funfun níbẹ̀ náà ń lo oògùn ibà. Odubanjo, Babalọlá àti Isaac Akínyẹlé, ẹni tó wá di Olúbàdàn ní ọdún 1955, yà kúrò. Ní ọdún 1943, wọ́n forúkọ ìjọ tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin: Christ Apostolic Church.

Orúkọ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan

Ìjà kejì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1953. Àwọn aláṣẹ Apostolic Church ní Britain tún òfin ìjọ náà ṣe, wọ́n sì ní kí gbogbo òjíṣẹ́ fọwọ́ sí i. McKeown kọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ìjọ náà ń sọ, lára ohun tó bí i nínú ni ìlànà tí kò jẹ́ kí àpọ́sítélì aláwọ̀ dúdú ní àṣẹ lórí aláwọ̀ funfun. Wọ́n yọ ọ́ nípò, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù nínú ìjọ Gold Coast ní òun ni àwọn yóò tẹ̀ lé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ kan di méjì. Nígbà tí Gold Coast sì gba òmìnira ní ọdún 1957, tí orílẹ̀èdè náà fúnra rẹ̀ gba orúkọ tuntun, àwọn ìjọ méjèèjì fi Ghana kún orúkọ wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Ghana Apostolic Church, èkejì ń jẹ́ Apostolic Church of Ghana.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ta ni ó ni ilé ìsìn tí gbogbo wọn jọ fi owó ara wọn kọ́? Ta ni ó ni ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ wà lórúkọ "Apostolic"? Wọ́n gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Nkrumah pe ìhà méjèèjì, ohun tó sì ti ibẹ̀ yọ ni pé kí ẹgbẹ́ McKeown wá orúkọ mìíràn. Ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ló fi orúkọ sílẹ̀.

Kì í ṣe ìjà nìkan ló ń fà á

Nígbà mìíràn, ìlú ló ń yí padà tí ìjọ sì ń tẹ̀ lé e. Presbyterian Church of the Gold Coast di Presbyterian Church of Ghana. Ní oṣù Kejì ọdún 1979, àwọn Áńgílíkà Nàìjíríà kúrò lábẹ́ àgbègbè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì di Church of Nigeria.

Nígbà mìíràn, èdè ni. The Church of the Lord, tí Josiah Ositelu dá sílẹ̀ ní Ògèrè ní ọdún 1930, gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá náà "Aladura" sínú orúkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Adeleke Adejobi gbé e dé Gold Coast ní ọdún 1953, ó sì wọ ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ àgbáyé ní ọdún 1975. Lónìí, "Prayer Fellowship" ló wà níbi tí "Aladura" wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn ènìyàn inú ìjọ ló ń yí padà. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ń tajà láàárín ìlú Accra, ní àdúgbò bíi Cow Lane, àti ní Kumasi àti Tamale, kó ẹ̀sìn wọn dání lọ. Àwọn ló pọ̀ jù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kí wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìsìn tí wọ́n ti ń fi Yorùbá wàásù ṣófo. Àwọn ọmọ Ghana tó ṣẹ́kù ló wá gbé ìjọ náà ró.

Kí ni òfin sọ?

Ní Nàìjíríà, ìjọ tó bá forúkọ sílẹ̀ kò lè dédé jí lówùúrọ̀ kó pààrọ̀ orúkọ. Lábẹ́ òfin ọdún 2020 tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní ìpàdé, wọn yóò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹni tó bá sì ní àtakò ní ọjọ́ 28 láti sọ ọ́.

Lẹ́yìn òfin ni iṣẹ́ tó kù: ìwé ilẹ̀, àkọsílẹ̀ ní báńkì, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé orin àti pátákó ẹnu ọ̀nà. Èyí tó le jù ni ti àwọn àgbà ìjọ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́ ilé ìsìn, tí wọ́n sì sin ín lórúkọ ìjọ náà, yóò bèèrè ilé tí wọ́n wò tí wọ́n fi ń tún un sọ.

Ní Ghana, àwọn ìjọ mẹ́ta tó ti ara iṣẹ́ Anim àti McKeown yọ ṣì wà: Christ Apostolic Church, Apostolic Church àti Church of Pentecost. Ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan náà ni wọ́n jọ wà, oníkálukú lábẹ́ orúkọ tirẹ̀.