Àwo Orin Tó Di Ìwé Ìròyìn: Bí Ẹgbẹ́ Àyìnlá Ọmọwúrà Ṣe Gba Ìgboro

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, ariwo ta ní Abẹ́òkúta pé Àyìnlá Ọmọwúrà ti kú. Ilé ọtí kan ní ìlú náà ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, ife ọtí tí wọ́n là mọ́ ọn lórí ló sì fòpin sí ayé olórin náà. Wọ́n ti sọ ìtàn ikú yìí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo èyí tó ṣe pàtàkì jù ú lọ mọ́lẹ̀: báwo ni ẹgbẹ́ onílù kan láti Ìtòkò ṣe di ohun tí tèwe tàgbà ń gbọ́ nílẹ̀ Yorùbá?

Ọmọwúrà kò ti ilé ọlá wá. Nǹkan bí ọdún 1933 ni wọ́n bí i. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Kò rí ilé ìwé lọ. Ó ṣe iṣẹ́ ẹran pípa, ó sì ṣe iṣẹ́ mọ́tò kí orin tó gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àpàlà tó yàn láàyò sì ti ní ọba tirẹ̀: Hárúnà Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó ti ń gbé àwo jáde láti ọdún 1948. Ní Abẹ́òkúta gan-an, sákárà Yusuf Ọlátúnjí ló gbòde. Ẹni tí yóò yọrí láàárín irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ kò lè wá lọ́wọ́ òfo.

Ohun méjì ni ẹgbẹ́ náà mú wá. Èkíní ni ìlù. Adéwọlé Oníluọlá ni aṣíwájú àwọn onílù, ìlù wọn sì yá ju ti Hárúnà lọ. Ẹsẹ̀ kò lè dúró jẹ́ẹ́ bí wọ́n bá ti fi ọ̀pá kàn án. Nígbà tí ilé iṣẹ́ EMI bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwo wọn ní nǹkan bí ọdún 1970, ohun tí wọ́n ń jó nílé ìnáwó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ sílé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀. Ọdún 1973 ni ìjọba ológun ka àwọn ènìyàn. Ọmọwúrà kọrin nípa ìkànìyàn náà. Nígbà tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ gbéra sókè nítorí àbá ìgbìmọ̀ Udoji, tí ọjà sì gbówó lórí tẹ̀ lé e, owó Udoji náà di orin. Ẹni tí kò lè ka ìwé ìjọba gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi pè é lórúkọ.

Ìlú tí èyí ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859, tí wọ́n ń tà á ní 120 owó ẹyọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé nìkan ni ìwé náà lè bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní 100, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí kò mọ̀wé gbé ìròyìn dé ibi tí lẹ́tà kò dé.

Àbùkù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ahọ́n tó ń kìlọ̀ fún ará ìlú náà ló ń bú àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì ń yin olówó. Orí ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ọjọ́ tí ohùn náà dákẹ́, kò sí ẹni tó lè gba ipò rẹ̀.

Ní ọdún 2021, fíìmù tí Túndé Kèlání pè ní Ayinla mú orúkọ rẹ̀ padà sẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹgbẹ́ Ìtòkò fi gòkè, kí ó má ṣe dúró síbi ìjà ilé ọtí. Kí ó gbọ́ àwọn àwo náà: ìtàn ìlú wà nínú wọn, ní èdè tí ìlú ń sọ.