Omi àti Afẹ́fẹ́ Ni Ẹ̀mí Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀



Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ohun kan tó wà níwájú ọkọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni radiétọ̀. Òun ni àpótí pẹlẹbẹ tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. A óò tẹ̀lé ìtàn àwọn méjèèjì láti ilẹ̀ Jámánì dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tún àwọn ọkọ̀ alágbára àtijọ́ ṣe lónìí. Ẹni tó bá ṣi radiétọ̀ tàbí abẹ̀bẹ̀ yàn nínú wọn, owó rẹ̀ á ṣòfò, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á sì bàjẹ́.

Kí ló dé tí ọkọ̀ fi ń lo omi?

Inú ẹ́ńjìnì ni epo ti ń jó. Ẹ jẹ́ kí a pín ooru epo náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kan, tàbí kí ó dín díẹ̀, ló ń di agbára tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìpín kan ń bá èéfín jáde lẹ́yìn. Ìpín kẹta ń wọ ara irin ẹ́ńjìnì. Bí a kò bá kó ìpín kẹta yìí kúrò, irin á wú, òróró inú ẹ́ńjìnì á ṣàn bí omi, ẹ́ńjìnì á sì gan.

Omi ló ń gba ooru náà lára irin. Ó ń gbé e lọ sínú radiétọ̀. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbà á lọ́wọ́ omi. Ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún.

Ìyá kan àti omi ojú ọ̀nà

Ní ọdún 1886, ọ̀gbẹ́ni Carl Benz gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ní ìlú Mannheim, ní Jámánì. Ọkọ̀ náà kò ní radiétọ̀ bí èyí tí a mọ̀ lónìí. Ńṣe ni omi rẹ̀ ń hó, tó ń di èéfín, tó sì ń lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha, ìyàwó Benz, gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlú Pforzheim láti lọ kí ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì bá a lọ. Ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà. Léraléra ni wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà láti bu omi sí ọkọ̀. Wọ́n dé láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo wàhálà náà! Omi nìkan kò tó. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Radiétọ̀ tó dà bí afárá oyin

Wilhelm Maybach ló yanjú ọ̀rọ̀ náà, ní ilé iṣẹ́ Daimler ní Jámánì. Ọkọ̀ Mercedes tó jáde ní ọdún 1901 ní agbára ẹṣin 35. Fún ọkọ̀ yìí, Maybach to ọ̀pá kéékèèké tó lé ní 8,000 pọ̀ bí afárá oyin. Afẹ́fẹ́ ń gba inú àwọn ọ̀pá náà, omi ń gba àárín wọn. Ó tún fi abẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ. Omi lítà 9 péré ló tó fún ọkọ̀ náà.

Kí ni àṣírí rẹ̀? Ẹ da ẹ̀kọ gbígbóná sínú àwo tó fẹ̀. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ nínú ìkòkò. Ti inú àwo ni yóò kọ́kọ́ tutù, nítorí pé afẹ́fẹ́ kàn án níbi púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti afárá oyin yẹn.

Àwọn ọkọ̀ alágbára Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1908, Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ Model T ní Amẹ́ríkà. Agbára ẹṣin 20 péré ni. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń ti omi. Omi gbígbóná ń gòkè fúnra rẹ̀, omi tútù ń sọ̀kalẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnì kékeré ni, ìyẹn sì tó o.

Nígbà tó di ọdún 1964, nǹkan ti yí padà. Ilé iṣẹ́ Pontiac mú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ńlá, ó fi sínú ọkọ̀ tó kéré sí i. Wọ́n pe ọkọ̀ náà ní GTO. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 6.4. Ẹ rántí Peugeot 404 tó gbé ọ̀pọ̀ èrò ní ilẹ̀ wa láyé ọjọ́sí: lítà 1.6 ni tirẹ̀. Ẹ́ńjìnì GTO kan tó ti 404 mẹ́rin! Ní ọdún 1970, Chevrolet gbé Chevelle kan jáde tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 7.4, pẹ̀lú agbára ẹṣin 450. Iná pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àyè fún radiétọ̀ níwájú ọkọ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1970 kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin tó le lórí èéfín ọkọ̀. Ní ọdún 1973, àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá kò ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́, epo sì wọ́n gógó. Àwọn ọkọ̀ alágbára bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Ṣùgbọ́n àwọn olùfẹ́ wọn kò jù wọ́n nù. Ìpẹtà ti dí ọ̀pọ̀ radiétọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá tuntun.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yàn?

Radiétọ̀ àtijọ́ jẹ́ ti bàbà àti idẹ, tí a fi òjé lẹ̀ pọ̀. Ti òde òní sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, irin funfun fúyẹ́ tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò. Bàbà ń gbé ooru ju alumíníọ̀mù lọ, ó sì rọrùn láti lẹ̀ bí ó bá jò. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù fúyẹ́, ó sì lágbára, nítorí náà a lè ṣe ọ̀pá omi rẹ̀ kó fẹ̀. Ìlà méjì tó fẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ ìlà mẹ́rin tóóró. Ẹ má ka iye ìlà nìkan.

Abẹ̀bẹ̀ pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ so mọ́ ẹ́ńjìnì, kì í sinmi, ó sì ń jẹ agbára. Èkejì ní òróró kíki nínú ìdí rẹ̀: bí ibẹ̀ bá tutù, ó ń yọ̀, bí ó bá gbóná, ó ń dì mú. Ẹ̀kẹta ń lo iná mànàmáná. Ó ń fẹ́ dáadáa bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń mú iná wá nínú ọkọ̀ àtijọ́ lè ṣàìtó o. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, ó yẹ kí páànù yí abẹ̀bẹ̀ ká, kí ó lè fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú radiétọ̀.

Kí wọ́n tó ra ohunkóhun, ìbéèrè kan ṣe pàtàkì: ìgbà wo ni ọkọ̀ ń gbóná jù? Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó dúró tàbí tó ń rọra lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ wo abẹ̀bẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló sábà ń wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó ń sáré, kí wọ́n wo radiétọ̀ àti omi, nítorí pé afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ti tó. Ẹni tó ra radiétọ̀ ńlá nígbà tí abẹ̀bẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́, ó ra oògùn orí fún inú rírun.

Ẹ ṣọ́ra

Ìdérí radiétọ̀ ń há omi mọ́. Omi inú ìkòkò ń hó ní ìwọ̀n ooru 100, ṣùgbọ́n èyí tí ìdérí há mọ́ lè dé nǹkan bí 120 kó tó hó. Bí ẹ bá ṣí i nígbà tó gbóná, omi á tú jáde lójijì, á sì bó ènìyàn lójú àti lọ́wọ́. Ẹ pa ọkọ̀. Ẹ dúró kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Kí ló dé tí Bertha Benz fi ń dúró bu omi?
2. Kí ni ẹ̀kọ inú àwo fi kọ́ wa nípa radiétọ̀?
3. Ọkọ̀ kan ń gbóná nígbà tó bá dúró nìkan. Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ wò?