Oko Baba Ẹlòmíràn: Ẹ̀kọ́ Sinimá àti Ẹ̀kọ́ Èdè Àjèjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ohun méjì wà lóde òní tí ó lè mú akẹ́kọ̀ọ́ dé oko baba ẹlòmíràn: èkínní ni èdè, èkejì ni sinimá. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ èdè Faransé, ti Rọ́ṣíà tàbí ti Jàpáànì a máa wo sinimá àwọn tí ó ni èdè náà, a sì máa kọ àròkọ lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí ewì àti ìwé ìtàn wọn. Àwọn kan ka èyí sí eré lásán. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ọmọ Adúláwọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tọ ọ̀nà yìí fi hàn pé ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ ni, àti pé ẹni tí ó bá kọ́ ọ dé ojú àmì kì í gbàgbé ilé.

Ìdí pàtàkì wà tí ẹ̀kọ́ méjèèjì fi yẹ ara wọn. Ìwé a máa fún ènìyàn ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í fún un ní ojú, ọwọ́ àti ohùn tí ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Àjèjì tí ó fi ìwé nìkan kọ́ Yorùbá lè mọ bí a ti ń kí àgbà ní òwúrọ̀, kí ó má sì mọ̀ pé ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a sì kúnlẹ̀, kí ìkíni náà tó pé. Bákan náà ni ó rí nínú Tokyo Story, sinimá tí Yasujirō Ozu ṣe ní Jàpáànì ní 1953. Bàbá àti ìyá arúgbó kan rin ìrìn àjò lọ sí Tokyo láti bẹ àwọn ọmọ wọn wò, àwọn ọmọ kò sì ráyè tiwọn. Ìtẹríba wọn, ìjókòó wọn àti ìdákẹ́jẹ́ wọn ń sọ ohun tí ẹnu wọn kò sọ. Kò sí ìwé gírámà tí ó lè kọ́ ni ní irú èyí.

Ní ìdà kejì, ẹni tí ó ń wo sinimá láìgbọ́ èdè rẹ̀, ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán kì í sábà ju ìlà méjì lọ, kíákíá ni ó sì ń kọjá. Èdè Faransé ní "tu" fún ẹgbẹ́ ẹni, ó sì ní "vous" fún ẹni tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Ẹyọ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì òde òní ní. Nígbà tí ọkùnrin àti obìnrin kan nínú sinimá Faransé bá ti orí "vous" bọ́ sí orí "tu", ọ̀rọ̀ ti yí padà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbójú lé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ Faransé yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí irú rẹ̀ wà nílé. Òtítọ́ ni pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n àfojúbà láìgbọ́ èdè, kò tíì pé.

Mọ́sìkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ fún iṣẹ́ sinimá, ní 1919. VGIK ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́, Marcel L'Herbier dá IDHEC sílẹ̀ ní Páríìsì; La Fémis ni ó rọ́pò rẹ̀ ní 1986. Sorbonne pàápàá dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1948 fún ìwádìí nípa sinimá. Àjèjì tí ó bá fẹ́ jókòó ti àwọn olùkọ́ ní irú ibi wọ̀nyí, èdè wọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó jáde ní IDHEC nínú àwọn ọmọ Adúláwọ̀ ni Paulin Soumanou Vieyra, tí a bí ní 1925 ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Porto-Novo. Láti kékeré ni ó ti lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó kọ́ṣẹ́ tán, ó fẹ́ ya àwòrán ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n òfin kan tí ìjọba Faransé ṣe ní 1934 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya sinimá ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso láìgba àṣẹ. Wọn kò fún Vieyra ní àṣẹ náà. Ní 1955, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya Afrique-sur-Seine ní Páríìsì, nípa ìgbé ayé àwọn ọmọ Adúláwọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ó kọ́ èdè àlejò, ó kọ́ iṣẹ́ àlejò, síbẹ̀ wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, kò ní oyè yunifásítì kankan. Òṣìṣẹ́ èbúté ni ní Marseille kí ó tó di òǹkọ̀wé ní èdè Faransé. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn tí òun ń kọ̀wé nípa wọn kò lè ka ìwé òun. Nítorí náà ni ó ṣe lọ sí Mọ́sìkò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí ó kọ́ iṣẹ́ sinimá lọ́dọ̀ Mark Donskoy. Ní 1968 ó ṣe Mandabi ní èdè Wolof. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan gba ìwé owó láti Páríìsì, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé, kò sì ní ìwé ìdánimọ̀. Láti ọ́fíìsì kan dé èkejì ni wọ́n ń dà á síwá sẹ́yìn, títí wọ́n fi rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tí ó mọ Faransé ni ó ṣe sinimá yìí, nípa ìyà tí ó ń jẹ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Abderrahmane Sissako, tí a bí ní Mòrìténíà ní 1961, kọ́ èdè Rọ́ṣíà ní ìlú Rostov kí ó tó wọ VGIK. Ibẹ̀ ni ó ti di ọ̀rẹ́ ọmọ Àǹgólà kan. Ní 1997 ó ṣe Rostov-Luanda, nínú èyí tí ó wá ọ̀rẹ́ náà kiri ilẹ̀ Àǹgólà tí ogun ti bà jẹ́. Yàrá ẹ̀kọ́ èdè ni ó bí sinimá náà.

Èyí tí ó sún mọ́ ilé jù lọ ni ìtàn Ọlá Balógun, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí a sì bí ní Abá ní 1945. Ó kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì Dakar àti ti Caen, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní IDHEC. Nígbà tí ó padà dé, èdè Faransé kọ́ ni ó fi bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ṣe Amadi ní èdè Ìgbò ní 1975. Ní 1976 ó ṣe Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá, nínú èyí tí Adé Fọláyan àti Dúró Ládiípọ̀ ti ṣeré. Ní 1978 ó lọ sí Bùràsíìlì láti ṣe A Deusa Negra, nípa ọmọ Nàìjíríà kan tí ó wá ẹbí rẹ̀ tí òwò ẹrú ti gbé lọ. Òun náà ni ó darí Ìjà Òmìnira, tí a mú jáde láti inú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, àti Aiyé ti Hubert Ògúnńdé. Àwọn eléré orí ìtàgé ti ní ọ̀rọ̀, orin àti èrò ìwòran. Balógun mú ọgbọ́n ẹ̀rọ ayàwòrán tí ó kọ́ ní Páríìsì wá bá wọn. Bí kò bá lọ, kì bá tí ní ohun tí yóò mú bọ̀. Bí kò bá sì padà sínú èdè ilé, ohun tí ó mú bọ̀ kì bá tí wúlò fún wọn.

Ó ṣeni láàánú pé ẹ̀dà púpọ̀ nínú àwọn sinimá wọ̀nyí ti ṣọ̀wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rí Ọmọ Olókùn-Ẹṣin kà, ṣùgbọ́n Ìjà Òmìnira kò rọrùn láti rí wò. Ohun tí àwọn yunifásítì òkèèrè ń ṣe fún sinimá Faransé àti ti Jàpáànì, ó yẹ kí a máa ṣe é fún sinimá Yorùbá pẹ̀lú: kí a wá a rí, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí a sì fi kọ́ ọmọ ilé àti àlejò tí ó ń kọ́ èdè náà. Ó dára kí ọmọ ẹni dé oko baba ẹlòmíràn, kí ó sì mọ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn tí ń ti oko bọ̀ bá ilé ní òfìfo.