Windfall: ìfà, oríire, tàbí kòńgẹ́ ire?

Ọ̀rọ̀-orúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtumọ̀
1. Èso tí ẹ̀fúùfù já lulẹ̀ láti orí igi.
2. Owó tàbí ohun rere mìíràn tí ó tẹ ènìyàn lọ́wọ́ lójijì, tí kò retí, tí kò sì ṣiṣẹ́ fún.

Orírun
Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀: wind ni ẹ̀fúùfù, fall ni ìjábọ́. Láti ọ̀rúndún 15 ni ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún igi tàbí èso tí ẹ̀fúùfù bì lulẹ̀. Ní ọ̀rúndún 16, wọ́n ti ń lò ó fún ọrọ̀ òjijì pẹ̀lú. Àwòrán náà kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá jà ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, máńgòrò a já lulẹ̀, ẹni tí kò gun igi a sì he é. He ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ níhìn-ín. A kì í he ohun tí a fọwọ́ já lórí igi. Èyí tí a bá nílẹ̀ ni a ń he.

Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó súnmọ́ ọn
Ìfà. Èyí ni ó súnmọ́ ìtumọ̀ kejì jù lọ: èrè tí a kò làágùn fún. Jẹ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń bá a rìn: “Ó jẹ ìfà.” Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀. Òwe ní, “Ẹni tí ń wá ìfà ń wá òfò.” Nítorí náà, ẹ má ṣe lò ó fún ẹni tí ẹ fẹ́ yìn. Àgbẹ̀ Èrúwà tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pa owó ju bí ó ti rò lọ kò jẹ ìfà. Ó ti roko kí owó tó dé.

Oríire. Orí àti ire ni. Ohun tí a ṣiṣẹ́ fún náà lè jẹ́ oríire. “Ẹ kú oríire” ni a ń kí ẹni tí ó gbéyàwó àti ẹni tí ó gboyè, bẹ́ẹ̀ sì ni oyè ọdún mẹ́rin kì í ṣe ohun òjijì.

Kòńgẹ́. Ìpàdé ni. Ẹni tí ó ṣe kòńgẹ́ ire bá ire pàdé lásìkò. Inú àdúrà ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Ó bá serendipity mu ju windfall lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Horace Walpole ṣẹ̀dá nínú lẹ́tà kan ní ọdún 1754.

Fún atúmọ̀-èdè
Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí ìjọba gba ìdá 70 nínú 100 lára èrè tí àwọn báńkì jẹ lórí pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn tí iye náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023. Windfall tax ni àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì pè é. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí “owó orí lórí oríire”, a ti gbè sẹ́yìn báńkì: ohun tí orí bùn ènìyàn, ta ni ó yẹ kí ó gbà á? Bí a bá ní “owó orí lórí ìfà”, a ti dá báńkì lẹ́bi kí òǹkàwé tó gbọ́ ẹjọ́. “Owó orí lórí èrè àìròtẹ́lẹ̀” kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Òun ni kí ẹ lò nínú ìròyìn àti ìwé òfin.

Àmì ohùn
Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ìfà ní; ohùn àárín àti ohùn òkè ni ti Ifá. Bí a bá tẹ̀ wọ́n sórí kọ̀ǹpútà láìsí àmì, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹni tí ó ń wá ìfà yóò sì máa rí odù àti ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹ máa fi àmì sí i nígbà gbogbo.