Dídènà Àrùn Jẹjẹrẹ Ọrùn Ilé-Ọmọ

Àrùn jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ kì í dé lójijì. Kòkòrò àrùn HPV, tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀, ni ó sábà máa ń fà á, ó sì lè gba ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Kì í sọni di àgàn, bí àwọn kan ti ń sọ kiri.

Ìyá tí ó ń tajà ní Boundary, tí ó ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún (ọdún 25 fún ẹni tí ó ní HIV), kò gbọdọ̀ dúró de ìrora kí ó tó ṣe àyẹ̀wò, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí kì í dunni. Nọ́ọ̀sì lè fi fínígà pa ọrùn ilé-ọmọ. Bí ojú ibẹ̀ bá funfun, a lè fi ooru tàbí òtútù tọ́jú rẹ̀ kí ó tó di jẹjẹrẹ, nígbà mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, kí ó tètè lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ajégúnlẹ̀ tàbí Àpápá.